Táyà Ọrùn Sàníù

Táyà ti wà lọ́rùn Sàníù kí Ìnísípẹ́kítọ̀ Mùjíbátù tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n ti da pẹtiróòlù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú ọ̀tún ọkùnrin náà ti wú dí, eyín rẹ̀ wà nílẹ̀ nínú eruku, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti etí rẹ̀ sórí táyà. Ìṣáná nìkan ló kù tí wọ́n ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bí àwọn èèyàn Mọ́níyà ṣe dà báyìí. Àwọn kan náà ni wọ́n jọ ra àkàrà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mùjíbátù yọ ìbọn, ó yìn ín sókè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dọ̀bálẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni.

"Ẹni tó bá ṣáná, òun ni màá kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀," ó wí.

Obìnrin kúkurú ni. Ìbòrí dúdú ló máa ń wé sábẹ́ fìlà ọlọ́pàá rẹ̀, orógbó kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Safwan ni ìgboro ń pè é. Àwọn olè Akínyẹlé mọ̀ pé kì í na ọ̀daràn. Ó kàn máa ń bi í ní ìbéèrè ni, títí onítọ̀hún á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú na òun.

"Kí ló ṣe?"

"Ó pa Lásárù, mà," Kàmọ́rù ọlọ́kadà dáhùn. Kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wẹ́dà tó ń ṣe sáléńsà ọkọ̀ lẹ́yìn ilé ìlapákó. A bá a níbi tó ti gbé òkú rẹ̀ sáyà. Lánàá ni wọ́n jà, gbogbo èèyàn ló rí wọn."

Fọ́káníìsà ni Sàníù, ìsọ̀ rẹ̀ àti ti Lásárù ló fara kanra. Táyà tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn, ìsọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti gbé e. Pẹtiróòlù tí wọ́n dà sí i lára, òun fúnra rẹ̀ ló lọ rà á láàárọ̀ láti fi tan ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà. Ayé mà nìkà o.

Ọkùnrin gíga kan yọ síwájú, aṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù ló wọ̀. Alága ẹgbẹ́ onílé ni, Olúrẹ̀mí lorúkọ rẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀ ní àdúgbò yẹn, ọmọdé àti àgbà ló ń dákẹ́.

"Ìyá Safwan, ẹ má tún tú apànìyàn sílẹ̀ fún wa. Ẹ gbé e lọ, kó lọ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe ìrun Àsàrì tí a ò tíì gbọ́ pé ó jẹ́wọ́, àwọn ọmọ yìí máa wá mú un, èmi ò sì ní dá wọn lẹ́kun."

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìlú," Mùjíbátù dáhùn. Ó bọ́ táyà lọ́rùn Sàníù, ó jù ú sílẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkùnrin náà sẹ́yìn ọkọ̀. Òórùn pẹtiróòlù gba inú ọkọ̀ kan.

*

Lásárù nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wẹ́dà rẹ̀. Páìpù irin tí wọ́n fi pa á wà nílẹ̀, irun lẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n lù ú. Ẹni tó ṣe é lu orí yẹn títí kò fi sí ojú mọ́, ó tún lù ú lẹ́yìn ìyẹn. Aṣọ funfun Kérúbù tí Lásárù fẹ́ wọ̀ lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ kọ́ sórí ìṣó lókè, ẹ̀jẹ̀ ti ta dé etí rẹ̀. Praise, kọ́púrà tó máa ń tẹ̀lé Mùjíbátù, jáde lọ bì sẹ́yìn ìsọ̀, ó sì padà wọlé láìwojú ẹnikẹ́ni.

"Kí lo rí?" Mùjíbátù bi í.

"Olè ni, mà. Wọ́n tú gbogbo ìsọ̀."

Òótọ́ ni pé wọ́n tú u. Gbogbo ògbólógbòó sáléńsà tí Lásárù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n dà sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wẹ́dà kúrò láyè rẹ̀. Wọ́n ṣí páànù orí àkìtàn, wọ́n tú àkìtàn pàápàá.

"Fóònù rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì," Mùjíbátù wí. "Owó wà nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Wo ọ̀hún yẹn náà."

Àpò ìrẹsì kan ló nàka sí ní kọ̀rọ̀. Ohun aláwọ̀ eérú kan tó dà bí afárá oyin tó fọ́ ló kún inú rẹ̀. Praise ò mọ ohun tí í ṣe, Mùjíbátù mọ̀ ọ́n, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ti fi í jẹ òun níyà rí. Kátálíìsì ni àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè é. Àpótí irin kan ni, ojú ọ̀nà èéfín ló wà lábẹ́ ọkọ̀, afárá yìí ló sì wà nínú rẹ̀ tó ń sẹ́ èéfín. Bí ọkọ̀ bá ti gbó, tàbí tí nǹkan bá gbá àpótí náà, afárá a fọ́, a dí ọ̀nà èéfín, ọkọ̀ a sì máa wọ́ bí arúgbó tó ń gun òkè. Ìgbà náà ni wọ́n máa gbé e lọ bá irú Lásárù, kó gé e kúrò, kó gbọn àfọ́kù inú rẹ̀ dà nù, kó sì jó àpótí padà sáyè rẹ̀. Àwọn kan wà tó ń ra afárá náà kiri bí ẹni ń ra wúrà.

"Olè wo ló máa fi owó sílẹ̀, fi fóònù sílẹ̀, fi àpò wúrà sílẹ̀, tó máa wá tú àkìtàn?"

Praise tún wo àkìtàn náà.

"Wàá ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Ohun tó wà níbí kọ́ ni kí o bi mí. Kí ni kò sí níbí?"

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. Òkúta tí wọ́n fi dí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀, jáàkì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èérún irin tí ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gé sì ń dán lórí iyẹ̀pẹ̀.

"Ọkọ̀ kan wà níbí, mà. Kò sí mọ́."

"Ó kù ọ̀kan."

"Wọ́n gé nǹkan lábẹ́ ọkọ̀ náà. Ohun tí wọ́n gé ò sí."

"Ẹni tó pa á náà ń wá a," Mùjíbátù wí. Ó bu orógbó jẹ. "Ó tú gbogbo ìsọ̀ nítorí rẹ̀. Ṣé o rò pé ó rí i?"

"Bó bá rí i níbì kan, mà, kò ní tú ìyókù."

"O ti ń gbọ́n, Praise. Jẹ́ ká lọ."

*

Obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì nínú àgọ́ ọlọ́pàá, bó ṣe máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Humairah lorúkọ rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ọkọ̀ kan tẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kifayah, pa lójú ọ̀nà Ìrókò nígbà tó ń bọ̀ láti ilé kéú, onímọ́tò náà sì sá lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ ti ń wá béèrè bóyá wọ́n ti rí ẹni tó ṣe é. Kì í pariwo. Á jókòó, á gbé ìbòrí ọmọ náà tó ya sórí ẹsẹ̀, á sì máa wo ẹnu ọ̀nà.

"Mo gbọ́ pé wọ́n pa Lásárù," Humairah wí. "Ìyá Safwan, èèyàn rere la pàdánù. Òun ló gbé ọmọ mi kúrò lójú títì. Aṣọ Kérúbù rẹ̀ ló bọ́ fi bò ó."

Mùjíbátù ti ń kọjá lọ. Ó dúró, ó sì padà. Ó ti rí ìbòrí yẹn títí ojú rẹ̀ fi mọ́ ọn, bí ojú ṣe máa ń mọ́ nǹkan tí èèyàn ò wá ní rí i mọ́. Aláwọ̀ sánmà ni, lẹ́ẹ̀sì funfun yí etí rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n igun kan ti lọ. Ó mú ibi tó ya náà, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó le. Aṣọ náà ti yọ́ bí ike tó fara kan iná.

Ojú ti Mùjíbátù. Láti ọjọ́ yìí ni nǹkan yìí ti ń jókòó níwájú òun.

"Humairah, ẹ má lọ sílé o. Ẹ dúró dè mí."

*

Nínú àtìmọ́lé, Sàníù jókòó sílẹ̀, ó fi ògiri ṣe ẹ̀yìn. Praise ti bomi fún un, ṣùgbọ́n omi náà ń yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Kí lẹ jà sí lánàá?"

"Èéfín, mà. Èéfín iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wọnú oúnjẹ mi. Ojoojúmọ́ la máa ń jà sí i. Tá a bá jà tán, àá jọ mu gààrí."

"Ọkọ̀ ta ló ń ṣe láàárọ̀ yìí?"

"Kò tíì sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀ nígbà tí mo lọ ra epo. Èrò pọ̀ nílé epo, ó pẹ́ mi. Ìgbà tí mò ń bọ̀, ọkọ̀ kan kọjá lẹ́yìn mi ní oríta, ó ń bú bíi katakata. Mo fò sí kòtò. Eruku nìkan ni mo rí."

"Kí ló lè mú ọkọ̀ bú bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ti gé ọ̀nà èéfín rẹ̀, wọn ò sì tíì jó o padà. Mo ti bá Lásárù gbé pẹ́, mà, etí mi mọ̀ ọ́n." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. "Ó ṣì ń mí nígbà tí mo dé. Mo gbé e. Mo ké títí, ayùn ilé ìlapákó ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Àwọn tó wá gbọ́, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi páìpù gbá." Ó wo òkè. "Ìyá Safwan, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wọ́n máa sun mí?"

Ẹnu Mùjíbátù kún fún irọ́ tó dùn gbọ́. Kò pa á.

"Tí wọ́n bá kọjá mi," ó wí.

*

Ibùdókọ̀ ni wọ́n ti mú Roheem, òun àti báàgì rẹ̀, ó ti fẹ́ wọkọ̀ Ọ̀yọ́. Òun ló ń ra afárá kátálíìsì káàkiri, láti Mọ́níyà títí dé Erúnmu. Òógùn bò ó.

"Kí lò ń sá fún?"

"Wọ́n ń fi táyà kọ́ èèyàn lọ́rùn, mà. Ta ni ò ní sá?"

"Wọ́n ní ìwọ lo pa Lásárù nítorí afárá."

Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùjíbátù fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rù máa gbé e lọ.

"Tó bá jẹ́ èmi ni, àpò tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn á ṣì wà níbẹ̀? Èmi ni mo fún un ní àpò yẹn, mà. Èmi ni mo fẹ́ lọ gbé e lónìí." Ó di báàgì rẹ̀ mú. "Ọ̀rọ̀ Lásárù yàtọ̀. Àwọn wẹ́dà yòókù, tí wọ́n bá ti ṣí kátálíìsì rẹ, wọ́n á ta inú rẹ̀ fún mi kí o tó mu omi tán. Lásárù kì í ta ti oníbàárà àfi tónítọ̀hún bá fi sílẹ̀ fún un."

"Báwo ló ṣe ń ṣe tiẹ̀?"

"Ẹnìkan pè é lólè rí nítorí nǹkan yìí. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá gé lábẹ́ ọkọ̀, bó ṣe ń gé e tán báyìí, á fi àpò wé e, á gbé e sí búùtù ọkọ̀ oníǹkan. Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lé e lórí, á lọ mú un níbẹ̀ níṣojú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti dé ìsọ̀ yẹn rí ló mọ̀."

Orógbó dúró lẹ́nu Mùjíbátù.

"Roheem, kí ló gbóná jù lábẹ́ ọkọ̀?"

Roheem ká apá ẹ̀wù sókè, ó fi àpá jíjó kan hàn án. "Kátálíìsì náà ni, mà."

Òkúta balẹ̀ sórí páànù àgọ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Èrò ti dé ẹnu géètì, wọ́n gbé táyà dání. Ọ̀gá àgọ́ ti lọ sí ìpàdé ní Ìbàdàn, ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n pè ò tíì dé. Ọlọ́pàá tó wà nílẹ̀ ò tó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan.

*

Alága Olúrẹ̀mí ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó wọlé, gẹ́gẹ́ bí ẹni iyì. Ó jókòó sí ọ́fíìsì Mùjíbátù láìdúró kí wọ́n ní kó jókòó.

"Oòrùn ti ń yẹ̀, Ìyá Safwan. Ṣé ó ti jẹ́wọ́?"

"Ó kù díẹ̀. Alága, ara yín yá?"

"Kí ló dé?"

"Ọ̀kadà ni mo rí tí ẹ gbé wá láàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé ọkọ̀ lọ ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ aládùúgbò yín. Ẹ̀rù bà mí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọkọ̀ ti gbó. Mo ní kó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan."

"Ta ló ń bá yín tún un ṣe?"

"Dírẹ́bà mi ló mọ̀ wọ́n. Èmi ò dúró ní ìsọ̀ mẹkáníìkì rí. Epo wọn ń ba aṣọ jẹ́."

"Dírẹ́bà ńkọ́?"

"Mo ti ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ dírẹ́bà mi la fẹ́ sọ ni?"

"Rárá o, ẹ má bínú. Praise, fún Alága ní omi tútù." Ó sún mọ́ ọmọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò gbọdọ̀ jáde. Kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé ńkọ́?"

"Ó wà nínú bàtà mi, mà."

Mùjíbátù gba ẹ̀yìn àgọ́ jáde, ó yí ká dé ibi tí èrò dúró sí, ó sì fọwọ́ kan Kàmọ́rù léjìká. "Gbé mi," ó wí. Ta ló máa sọ fún ìbọn pé òun ò gbé e?

*

"Níbo lo ti gbé Alága láàárọ̀?" ó bi í lórí ọ̀kadà.

"Iwájú ilé rẹ̀, mà, lójú ọ̀nà Ìrókò. Ó ní kí n sáré, pé wọ́n ti pa èèyàn lẹ́yìn ilé ìlapákó."

"Nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀, àwọn wo lẹ bá níbẹ̀?"

"Sàníù nìkan ni, mà. Àwa la pariwo tí ayé fi pé jọ."

Mùjíbátù bu orógbó mìíràn jẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, Kàmọ́rù sì yà sẹ́bàá ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnìkan ní kó yà.

"Mà," ó wí, "ta ló wá sọ fún Alága?"

"Wa ọ̀kadà rẹ."

Leah, ìyàwó Alága, ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Obìnrin tí kò rí oorun sùn ni, ó hàn lójú rẹ̀. Ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ tapólì, Kámúrì àtijọ́ aláwọ̀ eérú. Mùjíbátù dùbúlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ tòun ti aṣọ ìjọba, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà èéfín ti gé níwájú, ó gé lẹ́yìn, àárín ṣófo. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ń dán.

"Màmá, ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yìí."

"Ewúrẹ́ ló ní òun gbá," Leah wí. Kò tíì sẹ́ni tó bi í. "Lóru ọjọ́ yẹn, omi àti ọṣẹ ló fi ń fọ abẹ́ ọkọ̀. Mo ní, 'Baálé mi, ewúrẹ́ ta ni, ká lọ bẹ olówó rẹ̀.' Ó gbá mi létí. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti kọ̀ tí kò gun òkè mọ́." Ó mú kọ́kọ́rọ́ wá, ṣùgbọ́n kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. "Ìyá Safwan, ṣé ewúrẹ́ ni?"

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ pe ẹnìkan kó wá bá yín jókòó."

Bí Mùjíbátù ṣe yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà bú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ ilé fi fò lọ sórí òrùlé. Ó gbé e jáde. Gbogbo ibi tó bá ti bọ́ sí kòtò lójú ọ̀nà, nǹkan wúwo kan á lù nínú búùtù, àfọ́kù inú rẹ̀ á sì ró ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ Ọlọ́run. Ọkùnrin náà fọ́ orí ẹni ẹlẹ́ni nítorí nǹkan yìí, ó tú àkìtàn nítorí rẹ̀, ó tún ti wọ aṣọ funfun padà wá láti wá a lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ló wà. Dírẹ́bà tó máa ń gbé ọkọ̀ náà lọ bá Lásárù ìbá ti sọ fún un.

*

Ládàánì ti bẹ̀rẹ̀ ìpè Àsàrì nígbà tí géètì wó. Wọ́n rọ́ wọlé. Òkúta kan ti la iwájú orí Praise, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àtìmọ́lé, ó na ìbọn tí kò sí ọta nínú rẹ̀ sí wọn. Àwọn kan ti ń fi irin já fèrèsé ẹ̀yìn. Sàníù ti dìde, ó ń ka Kálímà sókè.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ bíbú ọkọ̀ náà láti ọ̀nà jíjìn. Ó bo ohùn ládàánì, ó bo ariwo wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn yẹra kó má baà tẹ̀ wọ́n.

"Ọkọ̀ yẹn nìyẹn," Sàníù ń ké láti inú àtìmọ́lé. "Ọkọ̀ tó kọjá mi nìyẹn."

Mùjíbátù fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé, búùtù sì kọjú sí àwọn èrò. Ó pa á. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ẹni tó ni Kámúrì yẹn.

"Alága, ẹ jáde wá ṣí búùtù yín fún wa."

Olúrẹ̀mí yọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. "Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ta ló ní kí ẹ wọ ilé mi?"

"Ó dá yín lójú pé kò sí nǹkan kan?"

"Kò sí nǹkan kan nínú búùtù mi."

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ o. Roheem, sọ ohun tí Lásárù máa ń fi irin tó bá gé ṣe."

Roheem sọ ọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni àwọn onímọ́tò àti onítakisí tó wà láàárín èrò ń mi orí, nítorí kò sí ẹni tí Lásárù ò tíì gbé òkú irin sí búùtù rẹ̀ rí. Ojú Olúrẹ̀mí lọ sára búùtù. Àwọ̀ ara rẹ̀ yí padà, ó sì fọwọ́ di férémù ìlẹ̀kùn mú.

Mùjíbátù ṣí i. Ó tú àpò, ó gbé kátálíìsì náà sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú. Lójú ibi tó tẹ̀ náà, aṣọ aláwọ̀ sánmà kan ti yọ́ lẹ̀ mọ́ irin, lẹ́ẹ̀sì funfun tó ti dúdú díẹ̀ sì kù létí rẹ̀. Ọṣẹ ọ̀gànjọ́ ò lè bó o.

Humairah rìn wá láti orí bẹ́ǹṣì. Wọ́n yà fún un. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ìbòrí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fa igun tó ya náà sún mọ́ irin. Ó bára mu.

"Èmi ni mo ṣẹ́ etí ìbòrí yìí," ó wí. "Mo rán an ní ìlọ́po méjì kó lè pẹ́ lára rẹ̀."

Kò tíì dìde tí Olúrẹ̀mí fi fò sílẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà ló nawọ́ gán nínú búùtù, ó sì fi gbá Mùjíbátù ní apá ọ̀tún, gbogbo wọn gbọ́ bí egungun ṣe dá. Ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, orí ló ń wò. Praise fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Ó ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú eyín rẹ̀, aṣọ funfun náà sì di pupa láti ọrùn dé àyà.

"Mo ní kó kàn jó o padà, kó panu mọ́," ó ń sọ láàárín ẹ̀jẹ̀. "Mo ní ohunkóhun tó bá fẹ́ màá fún un. Ó ní ọmọ náà ní ìyá. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ṣáá nìyẹn. Ó ní ọmọ náà ní ìyá."

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní, "Ẹ gbé táyà wá." Ọwọ́ tó pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ ló gbé e, wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ gbá ọkùnrin náà níhà. Mùjíbátù dúró lé e lórí, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ dirodiro, ìbọn wà lọ́wọ́ òsì.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni," ó wí. Òógùn ìrora ń ṣàn lójú rẹ̀. "Láàárọ̀ ẹ gbọ́ ti ẹnìkan, ẹ fẹ́ sun ẹlòmíràn. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ sun ún nìyí. Ta ló kù tó fẹ́ ní kẹ́ ẹ sun ẹnìkan fún òun? Kó yọ síwájú."

Kò sẹ́ni tó yọ síwájú. Ṣùgbọ́n wọn ò gbé táyà sílẹ̀.

Praise bọ́ bàtà, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí àtìmọ́lé. Sàníù jáde, ó fi ògiri rìn títí dé ìta. Ojú kan ṣoṣo ló ń ríran. Ó wọ àárín wọn, kò sì sẹ́ni tó lè wò ó. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó gbé táyà, ó nawọ́.

"Tèmi ni," ó wí.

Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un. Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a gbé e, Sàníù sì kàn wò ó títí ó fi mú ọwọ́ kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lọ díẹ̀díẹ̀ gba ibi géètì tó wó, ó ń dúró, ó ń sinmi, títí tí wọn ò fi rí i mọ́. Ìgbà tó lọ tán ni Mùjíbátù tó jẹ́ kí wọ́n dì í lápá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìṣó gún táyà ọ̀kadà Kàmọ́rù gẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn ilé ìlapákó. Ẹ̀rọ Sàníù ń ṣiṣẹ́, Sàníù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú tí wọ́n dì, ìsọ̀ Lásárù sì wà ní títì níkángun rẹ̀. Kàmọ́rù dúró ní òdì kejì ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀kadà náà lọ sí ọ̀dọ̀ fọ́káníìsà Ìrókò nínú oòrùn.